Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ Tí Kò Níka

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí òkè kan ní Òǹdó, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni wọ́n sì fi pè. Lẹ́tà ní ọ̀gbẹ́ni yìí, tí kò ní orúkọ bàbá, tí kò ní ọjọ́ ìbí, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìgba ìsinmi kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Nítorí náà, kí òun fúnra rẹ̀ fara hàn níwájú Ìgbìmọ̀ Ìfojúrínjú ní Ọjọ́bọ̀, kí ó mú ìwé ẹ̀rí dání. Bí kò bá wá, a jẹ́ pé òṣìṣẹ́ iwin ni, ìyẹn àwọn tí orúkọ wọn ń gbowó oṣù ṣùgbọ́n tí wọn kò sí láyé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò sì fi àgádágodo ti ilé àyẹ̀wò náà pa.

Títílọpẹ́, tó ń tọ́jú ilé àyẹ̀wò náà, ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Inú ìgò ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wà.

Kì í ṣe àlọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń kù nínú okùn ìwọ́ ọmọ tuntun, èyí tí àwọn agbẹ̀bí máa ń dà nù, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì yan iṣẹ́. Wọ́n dà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé girama: ó lè di télọ̀, ó lè di káfíńtà, ọwọ́ ọ̀gá tí wọ́n bá fà á lé ló kù sí. Dókítà Oríọlá, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn lóúnjẹ pàtàkì títí wọn yóò fi di ọmọ ogun inú ara, àwọn tó ń dá jẹjẹrẹ mọ̀ láàárín èrò tí wọ́n sì ń pa á. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni iṣẹ́ náà ń gbà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Títílọpẹ́ ń pààrọ̀ oúnjẹ wọn, inú àpótí kan tó ń móoru bí ara ènìyàn ni wọ́n sì ń gbé. Ẹni tó bá fi sùúrù pa eèrà á rí ìfun inú rẹ̀, Títílọpẹ́ sì ti rí ìfun eèrà kan tàbí méjì láyé rẹ̀.

Níbo wá ni orúkọ ti wá? Nọ́ńbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sára ìgò, bí àwọn òyìnbó tó kọ́ Dókítà ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan gbé ìgò dorí kodò, 6 di 9, 9 di 6, wọ́n fún ẹni tó yó lóúnjẹ, wọ́n fi ebi pa ẹni tí ebi ń pa, àwọn méjèèjì kú. Inú bí Títílọpẹ́ débi pé ó ní òun kò ní í tọ́ ọmọ tó ń jẹ́ nọ́ńbà mọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó wo ilé, ó rí i pé iná ò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ló ń ké. Ó bá sọ ìgò tó kàn ní Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé: "Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jẹun ní aago méje. Ara Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ le. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti kó lọ sí ilé ńlá." Ìgò tó tóbi sí i ni ilé ńlá náà. Inú yàrá tí wọn kì í gbé ìdọ̀tí wọ̀ ni Títílọpẹ́ wà, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ní ọjọ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ já wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọn kò dúró dè é. Wọ́n da gbogbo orúkọ inú rẹ́jísítà kọ, wọ́n sì bi ọlọ́dẹ ọsibítù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà léèrè pé irú èèyàn wo ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ọkùnrin náà, tí kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà tí òun ò mọ̀, dá wọn lóhùn pé òṣìṣẹ́ gidi ni, òun ò tíì rí i kó jáde rí.

Ọdún tó le ni. Owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta, ẹni tó ń jẹ gaàrí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ti di ẹni tó ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó nílé ní Ìta-Ògbólú ń fẹsẹ̀ rìn wọ Àkúrẹ́. Àwọn tó wà lókè wá ní àwọn fẹ́ mọ ibi tí àpò ìjọba gbà ń jò. Wọ́n wo ọ̀dọ̀ ara wọn, wọn kò rí ihò kankan. Wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n rí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rín lásán ni, à bá rín in kí a sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Màmá Agnes Akíntóyè wà ní ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àyẹ̀wò. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì kọ́ Títílọpẹ́ ní kíláàsì kẹta, tó kọ́ ọ bí a ti ń di kálámù mú. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Gbogbo oògùn tó yẹ kó lò ló ti lò, kò ràn án. Àtàǹpàkò rẹ̀, èyí tó fi máa ń tẹ ìwé àwọn ọmọ iléèwé mọ́lẹ̀ bó bá ń máàkì, ti funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yóò pé ọmọ ogun, ọjọ́ yẹn ni wọn yóò sì fà á sí Màmá lára. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, agbára àwọn ọmọ ogun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn ni wọn yóò fi tọ́ òmíràn, Dókítà sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé Màmá kò ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún nílẹ̀.

Dókítà Oríọlá pe ìgbìmọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní òun kọ́ ni wọ́n pè. Orúkọ tirẹ̀ wà nínú ìwé ọsibítù, wọ́n sì ti rí i sójú. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Wọ́n ní bó ti wù kó jẹ́, kí ó wá fúnra rẹ̀.

"Títílọpẹ́," Dókítà wí, ó fọwọ́ nu ojú, "mú un lọ fún wọn."

"Ta ni kí n mú lọ, sà?"

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ìgò kékeré tí a yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò, mú ìyẹn. Èmi á dúró ti èyí tó kù. Orúkọ tìrẹ náà wà fún Ọjọ́bọ̀ kan náà, o ò kúkú ní í lọ lásán."

Òtútù kò gbọ́dọ̀ mú sẹ́ẹ̀lì náà lọ́nà, ooru kò sì gbọ́dọ̀ pa á. Títílọpẹ́ rò ó títí, ó rí i pé kò sí àpótí tó móoru bí ara ènìyàn tó ara ènìyàn fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ funfun wé ìgò náà, ó fi ọ̀já dè é mọ́ ikùn, ó wọ bùbá ńlá lé e. Bó ṣe dé gáréèjì, wọ́n dìde fún un. Nígbà tí wọ́n dé Bọ́lọ́rundúró, ìyá kan tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọkọ̀ fọwọ́ bà á léjìká, ó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o." Títílọpẹ́ ní àmín. Àdúrà náà kò ṣeé kọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ sí ní Àkúrẹ́ kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé aṣọ gbọọrọ kan kọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n kọ "OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ" sí i, wọ́n ya ojú ńlá méjì sábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ti fa ọ̀kan nínú wọn ya. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pín. Títílọpẹ́ bẹ bàbá tó ń pín in pé kó fún òun ní méjì. Bàbá ní ojú mélòó ló ní? Ó fún un ní ẹyọ kan, 212. Àárọ̀ ni ìyẹn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ikùn.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó pè é. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwálé Adébùsóyè, alága ìgbìmọ̀, ló jókòó sí ìdí tábìlì. Ọkùnrin náà kò burú. Olùfọkànsìn ni, ó gba ìwé gbọ́ bí àwọn mìíràn ti gba Ọlọ́run gbọ́. Kíkẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Títílọpẹ́ lorúkọ mi. Mo mú Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wá."

"Níbo ló wà?"

Títílọpẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú ọ̀já, ó gbé ìgò kalẹ̀. Omi inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kò tó ìdajì. Alága wo ìgò, ó wo Títílọpẹ́, ó tún wo ìgò.

"Ṣé èyí lẹ pè ní òṣìṣẹ́?"

"Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ pè é."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Títílọpẹ́ ronú bí yóò ṣe sọ ọ́ kó yé e. "Ọmọ ogun ni, sà."

"Ológun!" Alága na ara sẹ́yìn. "Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, màdáámù. Kí ló gbé orúkọ ológun dé ìwé ìjọba ìpínlẹ̀?"

Títílọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó sọ ti okùn ìwọ́, ó sọ ti sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́, ó sọ ti jẹjẹrẹ, ó sọ ti Màmá tó ń dúró de ọjọ́ Ẹtì lórí bẹ́ẹ̀dì. Alága tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó tilẹ̀ káàánú. Nígbà tí Títílọpẹ́ parí, alága ní, "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n orúkọ ti wọ ìwé. Bí orúkọ bá wọ ìwé, ọ̀nà méjì péré ló fi ń jáde: kí a rí ẹni tó ni ín, tàbí kí a pè é ní iwin. Bó bá sì jẹ́ iwin, àgádágodo ti wà nínú mọ́tò, Òǹdó ni wọ́n á kọ́kọ́ dé lọ́la."

"Ẹ ti wá rí i báyìí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe tirẹ̀, kí ẹ ṣe tèmi."

"Nọ́ńbà mélòó lẹ mú wá?"

"Ẹyọ kan."

"Nọ́ńbà kan, ojú kan. Ta ni 212 nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Títílọpẹ́ sáré lọ bá bàbá tó ń pín nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni bàbá yìí, ó sì ti ń ká àga. "Ulé ni kẹ́ ẹ lọ, ọmọ mi," ó wí. "Usẹ́ ti tán. Òní ló kẹ́yìn."

Títílọpẹ́ padà wá dúró síwájú tábìlì. Ẹ̀rù bà á, kò sí ìdí láti pa irọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Bó bá gba nọ́ńbà náà fún ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wà, ilé àyẹ̀wò á kú, Màmá á sì tẹ̀ lé e. Bó bá fún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, òun ni yóò di iwin. Ó rántí àtàǹpàkò tó funfun yẹn.

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni 212, sà," ó wí.

Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó dá a lójú. Kíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà.

"Bàbá rẹ̀?"

"A ò mọ̀ ọ́n."

"Ọjọ́ orí?"

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Kíkẹ́ ṣírò ọdún márùndínlógójì tí òṣìṣẹ́ ń lò lẹ́nu iṣẹ́. "Á fẹ̀yìn tì ní 2059," ó wí, ó sì kọ ọ́. Ó ya ìgò ní fọ́tò. Ó ní kí Títílọpẹ́ gbé e sókè díẹ̀, kí ojú rẹ̀ hàn. Ó wá kan ìtẹ̀ka. Kíkẹ́ gbé ìdí ìgò lé orí gíláàsì ẹ̀rọ, iná pupa tàn. Ó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé e, iná pupa. Ó wo alága. Alága ṣí ìwé òfin, ó ka abala mẹ́ta, ojú rẹ̀ sì dán.

"Ààyè wà fún ẹni tí kò níka. Òfin ò gbàgbé ẹnikẹ́ni. Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Kíkẹ́ tẹ "KÒ NÍKA". Iná aláwọ̀ ewé tàn, ẹ̀rọ pọ ìwé jáde pé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń bẹ láàyè. Alága fà á lé Títílọpẹ́ lọ́wọ́, ó kí i kú oríire, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ.

"Èmi ńkọ́, sà?"

"A ò rí yín."

"Mo dúró níwájú yín."

"Ojú yín wà níbí," alága wí pẹ̀lú ìkẹ́dùn. "Nọ́ńbà yín ni kò sí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn alágádágodo dé sí Òǹdó lóòótọ́. Títílọpẹ́ na ìwé sí wọn. Wọ́n kà á, wọ́n yọ fìlà, wọ́n ní kó bá àwọn kí ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ní aago mẹ́wàá, Dókítà Oríọlá so àpò kan kọ́ òkè orí Màmá Agnes, àpò tí kò tóbi ju ọ̀rá omi mímu kan lọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ń kán sínú iṣan Màmá díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé àwọn ọmọ ogun náà nìyí?" Màmá bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ ṣì ni. "Ẹ wọlé o. Ẹ tò sórí ìlà. Mi ò fẹ́ ariwo ní kíláàsì mi."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára jáde kí Màmá má bàa rí omi ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ara Màmá kọ́kọ́ gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo èèyàn gbàdúrà kíkan. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn nọ́ọ̀sì wí. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n wá jẹjẹrẹ náà wọn ò rí i. Dókítà kò fò sókè. Ó ní ó kù ká máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó gba Màmá lọ́wọ́, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni lẹ́tà méjì dé láti Àkúrẹ́. Èkíní ní Títílọpẹ́ ti di òṣìṣẹ́ iwin, kí ó má ṣe dé ibi iṣẹ́ mọ́. Èkejì yin Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fún iṣẹ́ takuntakun láìgba ìsinmi. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ òun nìkan ni òṣìṣẹ́ tó ṣẹ́kù láàyè nínú ìwé ilé àyẹ̀wò náà, ìjọba fi í jẹ adelé ọ̀gá. Títílọpẹ́ ka èyí, ó lọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun lóúnjẹ aago méje. Iwin ń bọ́ ọmọ aráyé, kí lèèyàn ò ní í rí?

Màmá gba lẹ́tà méjèèjì kà. Ó ní, "Títí, lọ wọ bàtà rẹ."

Wọ́n bá alága nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó kí Màmá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé àga fún un, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀nà àbáyọ wà. Bí òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò náà kan tó wà láàyè bá lè jẹ́rìí pé Títílọpẹ́ kò kú, kó tẹ àtàǹpàkò sínú tàdáà, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó parí nìyẹn. Ó ṣí fáìlì, ó wo orúkọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ nìkan ló wà láàyè," ó wí. "Òun sì rèé, kò níka."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Màmá bi í.

"Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, Màmá. A yẹ̀ ẹ́ wò."

"Inú ìgò lẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò." Màmá dìde dúró, kò di ohunkóhun mú. "Ó ti kúrò níbẹ̀. Ara mi ni wọ́n gbé e lọ, ara mi ló ti ṣiṣẹ́. Dókítà ní wọn kì í pẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ díẹ̀ ló kù, ó sì ṣeé ṣe kó ti lọ tán. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí òun, ọwọ́ yìí ì bá ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ gbé tàdáà wá."

Alága fa fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣí ìwé òfin, ó wá abala tó ní kí òṣìṣẹ́ tó bá wà lára ẹlòmíràn má lo ọwọ́ onítọ̀hún, kò rí i. Ó gbé tàdáà wá. Màmá tẹ àtàǹpàkò, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé bó ṣe máa ń tẹ ìwé àwọn ọmọ iléèwé mọ́lẹ̀, ó mú un dúró, ó gbé e kúrò. Alága mú bírò, ó fa ìlà sórí "KÒ NÍKA", ó kọ orúkọ Títílọpẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ń bẹ láàyè.

Títílọpẹ́ kò ka ìwé náà. Ó ti fa aṣọ ìnujú yọ, ó ń nu tàdáà kúrò ní ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀. Bí àwọ̀ búlúù náà ṣe ń ṣí, ó rí awọ ara abẹ́ rẹ̀. Ó pọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó funfun, ẹ̀jẹ̀ sì sáré padà síbẹ̀.

"Ó ti tó," Màmá wí. "Ẹkún kí lò ń sun?"